Abíyá Òsì Ìyá Mi

Kò sí ohun tí ìyá mi kì í há sí abíyá. Pọ́ọ̀sì ọjà rẹ̀ ń gbé níbẹ̀. Bó bá ń lọ kírun Jímọ̀, ẹní ìkírun ló máa há síbẹ̀, bí òjò bá sì ṣú, agbòjò á lọ bá a níbẹ̀. Èmi alára ti débẹ̀ rí. Nígbà tí mo kéré, bó bá fẹ́ pọ̀n mí, ọwọ́ kan ló fi ń gbé mi, á yí mi gba abẹ́ apá rẹ̀ sẹ́yìn, imú mi á sì gba ibẹ̀ kọjá, níbi tí òógùn àti erùpẹ̀ iṣu ti para pọ̀. Òórùn yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ ìyá. Iṣu ló ń tà ní ọjà Ìpàta ní Ìlọrin, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń tà á sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé olè tó bá fẹ́ gba pọ́ọ̀sì rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ yọ apá rẹ̀ lọ ná. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín.

Abíyá òsì ni kókó yọ sí. Ọ̀bẹ ló kọ́kọ́ gé e níka ọwọ́ òsì, níbi tó ti ń gé iṣu wò fún oníbàárà kan tó ní inú iṣu náà ti bàjẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, ó fọwọ́ ba kókó kan lábíyá. Kò bẹ̀rù. Ta ni ìbá bẹ̀rù? Nílé wa, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá dégbò, kókó á yọ sí ibi itan, bí ọwọ́ bá dégbò, á yọ sí abíyá. Kì í ṣe irọ́. Olùkọ́ báólójì ni mí, mo sì ti fi ẹnu ara mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Táńkè pé ibẹ̀ ni ara ti ń dènà àrùn. Ọgbẹ́ ìka náà jinná, ṣùgbọ́n kókó kò lọ. Ìyá mi ń fi òrí pa á, ó ń sọ pé ó ń rọ̀, ó ń retí kó tẹ̀lé ọgbẹ́ tó bí i lọ. Ìgbà tó fi máa fà mí lọ́wọ́ wọ yàrá, kó ní kí n fọwọ́ kàn án, ó ti tóbi tó àwúsá, ó sì le koko.

Ní ọsibítù ni wọ́n ti sọ fún wa pé ọgbẹ́ ìka kọ́ ló bí kókó yìí. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Èyí tó wà nínú ọmú gan-an kéré débi pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ bà á rí, abíyá ló ti lọ fi ara rẹ̀ hàn. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Tóò." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó wá bi dókítà bóyá òun ṣì lè lọ sọ́jà lọ́jọ́ kejì, torí lọ́rì iṣu kan ń bọ̀.

Dókítà tó máa gé ọmú náà, tó sì máa kó àwọn kókó abíyá kúrò, kò dàgbà púpọ̀. Mo gbọ́ Ìgbómìnà lẹ́nu rẹ̀, mo sì mọ̀ pé apá Ọ̀mù-Àrán ló ti wá. Nígbà tó gbọ́ pé olùkọ́ ni mí, ó fa bébà kan mọ́ra, ó ya apá ènìyàn síbẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí èmi náà ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní àwọn iṣan ńláńlá kan wà tí wọ́n ti ọrùn wá, wọ́n gba ẹ̀yìn egungun èjìká kọjá, wọ́n wá di pọ̀ mọ́ra nínú abíyá bí okùn kànga, kí wọ́n tó pínyà lọ sínú apá. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí apá gbéra, kí ìgúnwọ́ ká, kí ọwọ́ lè di nǹkan mú. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ìwọ̀nyẹn rárá. Òmíràn wà tó lọ sẹ́yìn, òmíràn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, òun á ṣọ́ra fún àwọn náà. Lẹ́yìn èyí ló wá fi bírò fa ìlà tín-ínrín kan. Ìyẹn kò ti ọrùn wá ní tiẹ̀. Àárín egungun ìhà ló ti yọ, ó sì gba inú ọ̀rá abíyá kọjá, láàárín àwọn kókó tí wọ́n fẹ́ kó kúrò gan-an, títí dé awọ abíyá àti awọ inú apá lókè ìgúnwọ́.

"Kò nípọn ju òwú ìránṣọ lọ," ló wí. "Kì í gbé nǹkan kan, kì í sì í ká nǹkan kan. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kí awọ ibẹ̀ lè mọ nǹkan lára. Bí mo bá lè dá a sí, màá dá a sí. Bí kókó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, màá gé e."

"Tẹ́ ẹ bá gé e ńkọ́?"

"Ibẹ̀ á kú, kò ní mọ nǹkan lára mọ́. Ṣùgbọ́n apá á máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀mí ìyá yín là ń lé, mà."

Lójú mi, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Iṣan tí kì í gbé nǹkan kan, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe? Nínú gbogbo apá tí mo ti yà sójú pátákó láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ, n kò ya ìlà yẹn rí, kò sì sí ọmọ tó béèrè rẹ̀.

Wọ́n gé e. Nígbà tí ara ìyá mi balẹ̀ díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi kan inú apá òsì rẹ̀, ó wá wò mí.

"Ta ni mo ń fọwọ́ kàn yìí?" ló wí.

Ó ní bí ẹni ń fọwọ́ kan ará ọkọ̀ ẹni nínú kẹ̀kẹ́ tó kún ni. Ó ní ìjọba ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ òun láìsan nǹkan kan. Àwọn obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, inú mi ń dùn pé ó ṣì lè ṣàwàdà.

Ilé mi ní Basin ló wá gbé lẹ́yìn ìyẹn. Kí a tó kúrò ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan kìlọ̀ fún wa. Ó ní kí nǹkan má gé apá òsì yẹn, kí wọ́n má gún un lábẹ́rẹ́, kí ohun gbígbóná má sì súnmọ́ ọn, torí awọ ibẹ̀ kò ní lè pariwo bí ohunkóhun bá ń ṣe é. Mo tún un sọ fún gbogbo ilé, mo sì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì wí ni mo fi sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí ìyá mi fi padà sí Ìpàta. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Lọ́jọ́ kan, ó ti rìn kọjá ibi tí wọ́n ń ta ọkà bàbà kó tó gbọ́ pé oníkẹ̀kẹ́ kan ń pe òun lẹ́yìn. Pọ́ọ̀sì rẹ̀ ti já bọ́. Apá rẹ̀ ṣì wà ní fífún mọ́ ìhà gírígírí, ó rò pé ó wà níbẹ̀. Ó fi sọ̀tàn fún wa nígbà tó délé, ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dé mọ́sáláṣí láìsí ẹní ìkírun. Kò mọ ibi tó ti bọ́ sí lójú ọ̀nà. Ó gbìyànjú láti máa fi abíyá ọ̀tún há nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀tún kò mọ iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n gé ọmú rẹ̀, n kò rí omijé lójú rẹ̀. Ó sunkún lórí ẹní ìkírun yẹn, ẹkún kíkan, ó jókòó sórí àga ìdáná, ó sì ń fi etí gèlè nu ojú.

Àbúrò rẹ̀ ló gbọ́ ẹkún yẹn. Òun ni mò ń pè ní Ìyá mi kékeré, ó sì ti wá bá wa gbé ní Basin láti bá mi tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òkè Ọya ni àwọn baba ńlá ìyá mi ti wá sí Ìlọrin, nínú ohun tí wọ́n sì gbé bọ̀ ni omi gbígbóná tí wọ́n fi ń wẹ ìyá ọmọ. Wọ́n á gbé ìkòkò ńlá kaná, wọ́n á kó ewé sí i. Ìyá ọmọ á jókòó, wọ́n á máa ti ewé bọ omi náà, wọ́n á máa fi nà án lẹ́yìn àti nídìí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi táwẹ̀lì jó o níkùn. Ìyá mi kékeré ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí ní agboolé wa. Òun ló wẹ̀ mí ní gbogbo ìgbà tí mo bímọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti yi débi pé ó lè mú ẹyin iná kó sì tún rò ó wò kó tó jù ú sílẹ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi gba ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó ń wẹ̀ ló máa ń bi. Á ní, "Ṣé ó tó?" Bí o bá ní kò tíì tó, á bu èyí tó gbóná sí i. Bí o bá ní ó tó, á dúró lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá wọn, kò sì jó ẹnikẹ́ni rí. Ara ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ló ń sọ fún un.

Ó ti gbọ́ ìkìlọ̀ nọ́ọ̀sì. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tó yé òun ni iná, àáyọ́ọ̀nù, ìkòkò. Omi kò sí lára ohun tó ń ṣeni ní ibi lójú tiẹ̀. Omi ni wọ́n fi ń tọ́jú èèyàn. Ẹsẹ̀ tó bá kú, ṣebí omi gbígbóná ni wọ́n fi ń jí i, kí ló dé tí abíyá ò ní jí?

Mo wà níwájú kíláàsì lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ló ròyìn rẹ̀ fún mi, kò sì fi kankan pamọ́. Ó ní àbúrò òun gbé omi kaná, ó rẹ táwẹ̀lì, ó fún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ òun lábíyá.

"Bísímílà. Ṣé ó tó, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kò tíì tó. N ò gbọ́ ọ lára rárá."

Ó bu omi láti inú kẹ́tùlù sí i. "Báyìí ńkọ́?"

"Fi kún un. Ó jọ pé ibẹ̀ fẹ́ jí."

Ìjìnlẹ̀ ẹran ara, nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀bẹ dé, ló ń gbọ́ ooru náà. Awọ kò sọ nǹkan kan. Inú àwọn méjèèjì dùn. Níkẹyìn, Ìyá mi kékeré fi táwẹ̀lì náà síbẹ̀ bó ṣe gbóná tó, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun há a mọ́ra kó lè wọlé dáadáa. Ìyá mi há a mọ́ra. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Ìgbà tí mo wọlé, mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òórùn òrí gba gbogbo ilé. Ìyá mi ní kí n wá wo abíyá òun, ó ti ń jí bọ̀. Mo gbé apá rẹ̀ sókè. Ibẹ̀ ti léròrò láti abíyá wá sí ààbọ̀ apá, nígbà tí mo sì fẹ́ ṣí aṣọ rẹ̀ kúrò, awọ bá aṣọ lọ. Kò tilẹ̀ mira. Ó ń wò mí lójú, ó ń dúró kí n bá òun yọ̀.

Mo bínú, ìbínú náà sì tọ́. Mo kọjú sí Ìyá mi kékeré, mo ní, "Ẹ ti pa á." Ó jókòó pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́wọ́, omi ń kán sílẹ̀ láti ara rẹ̀. Ìyá mi ní, "Èmi ni mo ní kó fi kún un." Mo ní kó jẹ́ kí n ráyè pe ọkọ̀.

Ọgbẹ́ náà kọ̀, kò san. Wọ́n ti kó àwọn kókó tí ì bá gbà á kúrò níbẹ̀, apá náà wá wú bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, ó ń ṣe omi, ó ń gbé ibà wá. Oògùn tó yẹ kí wọ́n máa fà sí i lára láti fi pa ìyókù jẹjẹrẹ náà, wọn kò lè fà á sí ara tó ní ojú ọgbẹ́. Wọ́n ní ká lọ, ká padà wá. A padà lọ, wọ́n tún ní ká lọ. Nígbà tí ibẹ̀ fi jinná, tó sì di àpá tó ń dán, wọ́n tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ náà ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró.

Mo lọ bá dókítà náà níbi tó ti dá wà. Mo bi í pé ká ní omi yẹn ò jó o ńkọ́. Ó wo tábìlì rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn, mà," ló wí. "Ó lè ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ká sọ òótọ́, ohun tí mo fẹ́ ni kó dá ẹnì kan lẹ́bi fún mi. Ó kọ̀, kò ṣe é, mo sì jáde.

Ìyá mi kékeré ti padà sí agboolé nínú ìlú. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lè rí i. Mo ń kúnlẹ̀ kí i, torí wọ́n kọ́ mi nílé, ṣùgbọ́n n kò pè é ní Ìyá mi kékeré mọ́, n kò sì bá a sọ ju ìkíni lọ. Mo gbọ́ pé ìyàwó kan bímọ lágboolé, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i kó wá wẹ ìyá ọmọ. Ó ní ọrùn ọwọ́ ń dun òun. Òmíràn tún bímọ, ohun kan náà ló sọ. Nígbà tó yá, wọ́n wá ẹlòmíràn.

"Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́," ni ìyá mi wí fún mi. Èémí rẹ̀ ti ń kúrú nígbà yẹn, ó máa ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. "Inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé mi, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rò pé ara mi ń padà bọ̀. Òun ló fún mi. Má gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo gbé ìrọ̀rí rẹ̀ ga díẹ̀ sí i.

Ó kú lọ́wọ́ àárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Láàárín wa, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Obìnrin tó mọ ìwẹ̀ òkú ti dé kí oòrùn tó mú, ó ní ọmọbìnrin olóògbé àti àbúrò rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Báyìí ni èmi àti Ìyá mi kékeré ṣe dúró ní ìhà méjì ara kan, aṣọ funfun bò ó, ohùn àwọn tó ń ké Kùránì ń wọlé láti ìta. Obìnrin náà ní ká rọra, ohun tó bá ń dun alààyè, ó ń dun òkú. Ó ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni, kò gbọdọ̀ gbóná.

A kọ́kọ́ wẹ apá ọ̀tún. Nígbà tó kan òsì, Ìyá mi kékeré ló di ìkòkò ìbomi mú. Ó gbé apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè, àpá iná náà hàn síta. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀, ó ká apá aṣọ tirẹ̀ títí dé èjìká, ó bu omi díẹ̀, ó sì dà á sí inú apá ara rẹ̀ lókè ìgúnwọ́, níbi tí awọ ti rọ̀ jù. Ó dúró, ó ń gbọ́ ọ. Ó tún bu òmíràn, ó tún dà á síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ mọ́ etí ìyá mi.

"Ṣé ó tó, ẹ̀gbọ́n mi?"

Obìnrin tó ń wẹ òkú wò mí. Ìyá mi kékeré ṣì tẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú omi lọ́wọ́, kò sì ní dà á, mo mọ̀ ọ́n, kò dà á sára ẹnikẹ́ni rí láìjẹ́ pé wọ́n dá a lóhùn.

"Ó tó, Ìyá mi kékeré," mo wí. "Ẹ dà á."

Ó wá dà á.